Họ́kì orí yìnyín nínú ìwé tẹ́tẹ́: ohun tó yẹ kí atatẹ́tẹ́ Ìkirè àti Apòmù mọ̀ kó tó fowó sílẹ̀

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní Ìkirè àti Apòmù, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló gba iwájú. Orúkọ Arsenal, Chelsea àti Manchester United ni wọ́n ń pè láti àárọ̀ títí di alẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré ilẹ̀ Yúróòpù bá ti parí lálẹ́, tí owó díẹ̀ ṣì wà lápò ẹni tó jẹ, tàbí tí èyí tó ti lọ ń dun ẹni tí kò jẹ, ojú a máa wá àwọn eré mìíràn tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ìwé. Níbẹ̀ ni àwọn kan ti ń bá họ́kì orí yìnyín pàdé, eré tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀ṣun bá ti sùn.

Kò sí yìnyín ní Ìkirè, kò sì sí ní Apòmù, àfi èyí tó wà nínú fíríìjì. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fowó sórí eré náà. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ẹni tó mọ òfin bọ́ọ̀lù dáadáa máa ń rò pé ti họ́kì kò lè yàtọ̀ púpọ̀. Ó yàtọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lè wà lórí eré kan náà, kí méjèèjì dárúkọ ẹgbẹ́ kan náà, kí ẹgbẹ́ náà sì borí, síbẹ̀ kí ọ̀kan gba owó, kí èkejì di pépà lásán. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ló ń fà á, ẹni tí kò sì kà á kò ní ẹjọ́ kankan láti rò bí ilẹ̀ bá mọ́.

Lórí pápá tí wọ́n fi omi dídì tẹ́ ni ẹgbẹ́ méjì ti ń kojú ara wọn. Irin tó mú bí ọ̀bẹ wà lábẹ́ bàtà wọn, òun ni wọ́n fi ń yọ̀ káàkiri. Eléré mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Dípò bọ́ọ̀lù, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Ìṣẹ́jú 60 ni eré, wọ́n sì pín in sí ìpele mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 20. Aago a máa dúró nígbàkígbà tí eré bá dúró, nítorí náà eré ìṣẹ́jú 60 yìí lè gba wákàtí méjì àbọ̀ kó tó tán. Eléré tó bá ṣẹ̀ sí òfin yóò lọ jókòó sínú àpótí ìjìyà, lọ́pọ̀ ìgbà fún ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fi ènìyàn kan dín títí yóò fi padà wá tàbí tí wọ́n fi gba góòlù wọlé. Líìgì tó lókìkí jù lágbàáyé ni NHL, tó ní ẹgbẹ́ 32: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní Amẹ́ríkà, méje ní Kánádà. Láti oṣù October dé oṣù April ni wọ́n fi ń gbá eré sáà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ju ọgọ́rin lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ Stanley Cup bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń wọ oṣù June.

Àwọn kan lè wò ó pé ìwà àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kí ènìyàn fowó sórí eré tí kò fojú rí rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1923 ni John Moores àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá Littlewoods sílẹ̀ ní ìlú Liverpool, tí wọ́n ń to eré àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sínú ìwé kí àwọn ènìyàn máa fi àmì sí èyí tí wọ́n rò. Tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù yìí dé Nàìjíríà, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Eré tí yóò jẹ́ ọ̀mì ni àwọn àgbà fi ń wá owó níbẹ̀. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì lọ ìsinmi, eré àwọn ẹgbẹ́ Australia ni ìwé pọ́ọ̀lù máa ń gbé jáde. Ọ̀pọ̀ bàbá ló dàgbà di arúgbó pẹ̀lú orúkọ Partick Thistle àti Queen of the South lẹ́nu, tí wọn kò mọ ìlú tí àwọn ẹgbẹ́ náà ti wá, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé Queen of the South kì í ṣe ọbabìnrin kankan. Lẹ́yìn pọ́ọ̀lù ni Kessington Adébùtú, ọmọ Ìperu ní Rẹ́mọ, dá Premier Lotto sílẹ̀ ní ọdún 2001, orúkọ Baba Ìjẹ̀bú ni gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí. Akin Alábí bẹ̀rẹ̀ NairaBet ní ọdún 2009, Bet9ja dé ní ọdún 2013. Íntánẹ́ẹ̀tì ló wá jẹ́ kí ìwé tẹ́tẹ́ gbòòrò débi tí tẹníìsì, básíkẹ́ẹ̀tì àti họ́kì fi wọ inú rẹ̀.

Họ́kì náà sì ní orúkọ kan tí ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Jarome Iginla ni. Ní ìlú Edmonton, ní Kánádà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù July ọdún 1977. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Igi ńlá ni orúkọ bàbá rẹ̀, bí àwọn oníròyìn Kánádà ti ń pè é kò yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ Calgary Flames ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi í ṣe balógun ẹgbẹ́ ní ọdún 2003. Ní sáà 2001 sí 2002, góòlù 52 ló gbá wọlé, kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì lọ́dún náà. Góòlù 625 ló kó jọ nínú eré 1,554 kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 2020 ni wọ́n yàn án sí ilé ọlá họ́kì. Ọmọ rẹ̀, Tij Iginla, tẹ̀lé e: ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Utah mú un ní ipò kẹfà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan ọ̀dọ́ ní ọdún 2024.

Iginla yìí wà lórí pápá ní ọjọ́ tí ìyàtọ̀ láàrin tíkẹ́ẹ̀tì méjì hàn kedere jù lọ. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù February ọdún 2010 ni, ní ìlú Vancouver, níbi tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ti ń du góòlù Òlíḿpíìkì. Ó ti di alẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà. Kánádà kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé. Amẹ́ríkà dá ọ̀kan padà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú 60 pé, àwọn Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí kò sí nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: wọ́n yọ aṣọ́lé wọn kúrò pátápátá, wọ́n fi eléré mìíràn tí yóò máa gbá síwájú rọ́pò rẹ̀, ilé wọn sì ṣófo. Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 24, Zach Parise gbá pọ́ọ̀kì wọlé. Ó di 2-2. Wọ́n wọ àfikún àkókò. Nígbà tí ìyẹn ti lé ní ìṣẹ́jú méje, Iginla, tó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá, fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí Sidney Crosby, Crosby sì gbá a wọlé. Kánádà gba góòlù.

Ta ló jẹ? Ẹni tó bá mú Kánádà pé òun ni yóò borí, pẹ̀lú àfikún àkókò nínú rẹ̀, jẹ. Ẹni tó bá mú Kánádà lórí ìṣẹ́jú 60 nìkan pàdánù, nítorí ọ̀mì ni ìṣẹ́jú 60 parí sí. Ẹni tó bá sì mú ọ̀mì, tó ti ń ka ara rẹ̀ mọ́ olófo títí di ìṣẹ́jú àáyá 24 yẹn, òun ló gba owó lórí tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú 60. Bí ẹni tó pàdánù bá fi fọ́tò àwọn ọmọ Kánádà tó gbé góòlù kọ́rùn han ajẹ́ńtì, ajẹ́ńtì náà kò ní ohun tó lè fi í ṣe.

Bí ó ti rí lára ìwé tẹ́tẹ́ nìyí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ 1, X àti 2, ìyẹn ẹni tó gbàlejò, ọ̀mì àti àlejò, ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n ń kà. Góòlù tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Níbi tí ó bá jẹ́ 1 àti 2 nìkan ló wà, tí kò sí X, wọ́n ń ka àfikún àkókò àti pẹ́nárítì mọ́ ọn, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí. Nítorí èyí ni iye tí wọ́n fi ń sanwó lórí 1 tí X wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi máa ń ga ju ti 1 tí kò ní X lọ. Ọ̀dọ́ tó bá rí èyí tó ga, tó sì rò pé ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ṣàṣìṣe, òun gan-an ló ṣe é. Ọ̀mì kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n: nínú eré sáà NHL, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kọjá ìṣẹ́jú 60. Bí eré sáà bá wọ àfikún àkókò, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ń fún wọn, eléré mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ́lé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù ló ni eré. Bí kò bá sí, wọ́n á lọ sí pẹ́nárítì. Ní ìdíje Stanley Cup, kò sí pẹ́nárítì rárá. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń fi kún un léraléra títí góòlù kan yóò fi wọlé. Ní oṣù March ọdún 1936, Detroit àti Montreal Maroons gbá àfikún àkókò tó lé ní ìṣẹ́jú 116 kí Detroit tó rí góòlù kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú 60, ọ̀mì òdo sí òdo ni eré yẹn.

Ìran Apòmù kò yẹ kó ṣòro láti mọ iyì àdéhùn lórí ohun tí a ń kà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ọjà Apòmù ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí iye ataare tí ẹnìkan rà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ogun tó tú Òwu ká.

Ohun mìíràn tó tún wà nínú ìwé ni iye góòlù. Lọ́pọ̀ ìgbà, 5.5 tàbí 6.5 ni wọ́n ń fi pín in sí méjì: ẹni tó bá sọ pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹni tó bá sọ pé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún máa ń fún ẹgbẹ́ tó lágbára ní ẹrù góòlù kan àbọ̀ láti rù, tó túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ fi góòlù méjì ju èkejì lọ kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ. Ibi yìí ni ilé tó ṣófo ti tún ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń fi 2-1 ṣáájú lè jí pọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti yọ aṣọ́lé wọn, kó sì gbá a sínú ilé tí kò lẹ́ṣọ̀ọ́. Eré tí gbogbo ayé mọ̀ sí 2-1 yóò di 3-1, ẹrù góòlù kan àbọ̀ yóò sì jẹ láàrin ìṣẹ́jú kan tó kẹ́yìn.

Àwọn àtúpalẹ̀ tí wọ́n ń kọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kún inú íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàdo tí kò lọ́mọ. Wọn yóò sọ pé ẹgbẹ́ kan ti borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún, bí ẹni pé pọ́ọ̀kì ń rántí. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn wá nínú àtúpalẹ̀ họ́kì ni orúkọ aṣọ́lé. Kò sí ẹlòmíràn lórí pápá tí ipa rẹ̀ tó ti aṣọ́lé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń ní méjì tí wọ́n ń lò ní ìyípadà. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá eré lánàá tó tún máa gbá lónìí, aṣọ́lé kejì ni wọ́n sábà máa ń fi sílé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn eléré bá ṣe ìdárayá àárọ̀ ọjọ́ eré ni ẹni tí yóò ṣọ́lé ń hàn, ìyẹn sì ti di ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Ìkirè ti ta á kí ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù tó jáde. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò rí i pé iye tí wọ́n ń san ti yí padà, nítorí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà gbọ́.

Lẹ́yìn aṣọ́lé, ìrìn àjò ni. Kánádà àti Amẹ́ríkà fẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá ti ìhà ìlà-oòrùn fò lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn láti gbá eré mẹ́ta láàrin ọjọ́ mẹ́rin kì í gbá a bí ẹni tó sùn sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnìkan wà nínú àpótí ìjìyà, àwọn tó fara pa, àti bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń gbá ju àbájáde eré lọ, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tó ń gbá pọ́ọ̀kì sílé púpọ̀ tí kò wọlé kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Gbígbá nílé ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, kò tó ti bọ́ọ̀lù.

Aago náà yẹ ní mímọ̀. Eré aago méje alẹ́ ní New York, Boston tàbí Toronto jẹ́ aago méjìlá òru ní Nàìjíríà láti àárín oṣù March sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November, ó sì jẹ́ aago kan òru ní ìyókù ọdún. Ti Calgary àti Edmonton fi wákàtí méjì pẹ́ jù ú lọ, ti Vancouver àti Los Angeles sì fi mẹ́ta. Ẹni tó bá ń jí wo eré ní aago mẹ́rin òru, tó tún ń fi fóònù fowó sí i bó ti ń lọ lọ́wọ́, kò sí àtúpalẹ̀ tó lè gbà á. Oorun ló nílò.

Ká wá wo iye tí wọ́n ń kọ síwájú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn atatẹ́tẹ́ ń pè ní odds. Bí ó bá jẹ́ 2.10, ẹni tó fi ₦1,000 sílẹ̀ yóò gba ₦2,100 bó bá jẹ, owó tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ti eré pàtó kankan rèé: onílé 2.10, ọ̀mì 4.20, àlejò 2.90. Ká ní ẹnìkan fẹ́ gba ₦1,000 lọ́nàkọnà tí eré náà bá gbà parí. Yóò fi ₦476 sórí onílé, ₦238 sórí ọ̀mì, ₦345 sórí àlejò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,059. Ó san ₦1,059 láti gba ₦1,000. Owó ₦59 tó wà láàrin ni èrè tí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ti yọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun orí yìnyín.

Obìnrin tó ń ta dòdò Ìkirè létí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ náà ń jèrè. Ó mọ iye tó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, ó mọ iye epo pupa àti ata, ó sì lé èrè tirẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ra dòdò tí kò mọ̀ pé èrè wà lórí rẹ̀, oníbàárà sì gbé ohun tí yóò jẹ wọnú mọ́tò. Èrè ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ wà nínú òǹkà tí kò sí ẹni tó ń rò ó pọ̀ wò. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí àtúpalẹ̀ dáhùn kì í ṣe pé ta ni yóò borí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ 2.10 sí gbọ́dọ̀ borí, ó kéré tán, ìgbà 48 nínú 100 kí ẹni tó ń mú un tó lè rí èrè kankan lọ́jọ́ tó pẹ́. Ṣé yóò tó bẹ́ẹ̀? Bí ènìyàn kò bá lè dáhùn èyí, ìmọ̀ rẹ̀ nípa eré náà, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò tíì wúlò fún tẹ́tẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó eré púpọ̀ pọ̀ sí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù nítorí pé owó kékeré ni wọ́n fi ń ta á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè lè fi ₦200 mú eré mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.10, kí tíkẹ́ẹ̀tì sì ṣèlérí ohun tó lé ní ₦333,000. Owó ilé ìwé wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èrè ilé iṣẹ́ bá rí bíi ti àpẹẹrẹ òkè yìí lórí eré kọ̀ọ̀kan, irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 3,000. Bí wọn kò bá yọ èrè kankan, ohun tó yẹ kí wọ́n san fún irú oríire bẹ́ẹ̀ ì bá sún mọ́ ₦600,000. Ìdí ni pé eré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi kún tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gé tirẹ̀ kúrò. Nínú ₦100 tí gbogbo ayé bá fi sórí eré kan, nǹkan bí ₦94 ló ń padà. Lórí eré márùn-ún, ó di ₦75. Lórí mẹ́wàá, ó di ₦56. Nígbà tí ẹyọ kan ṣoṣo bá ja tíkẹ́ẹ̀tì, tí olówó rẹ̀ ń fi ọwọ́ lu tábìlì pé ó kù díẹ̀, kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kó máa ku díẹ̀.

Àwọn tó wà nínú eré náà gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ tẹ́tẹ́. Ní ọdún 1948, NHL lé Billy Taylor àti Don Gallinger kúrò títí láé nítorí tẹ́tẹ́, ọdún 1970 ni wọ́n tó dárí jì wọ́n. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fẹ̀sùn kan Rick Tocchet, tó jẹ́ igbákejì olùkọ́ni ní Phoenix, pé ó lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ tó ń gba tẹ́tẹ́ lọ́nà àìtọ́. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní ọdún 2007. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà fún àwọn ìpínlẹ̀ láti gba tẹ́tẹ́ eré láàyè ní oṣù May ọdún 2018, tí Kánádà náà sì gba tẹ́tẹ́ orí eré kan ṣoṣo láàyè ní oṣù August ọdún 2021, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ti wà lára ògiri pápá àti lára àṣíborí àwọn eléré. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kan Shane Pinto ti ẹgbẹ́ Ottawa ní oṣù October ọdún 2023, eré 41 ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Ní Nàìjíríà, òfin tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí yí padà láìpẹ́ yìí. Òfin lọ́tìrì orílẹ̀-èdè ti ọdún 2005 ló fún ìjọba àpapọ̀ lágbára lórí rẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù November ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin náà, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti eré oríire. Fún ará Ìkirè, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, àti ará Apòmù, tó wà ní Ìṣọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Òṣogbo ni ẹjọ́ lórí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ń lọ báyìí, kì í ṣe Àbújá.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè pe ẹjọ́ kankan, tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ eré, ọjọ́ àti aago, iye tí wọ́n fi sílẹ̀, iye tí wọ́n ń san, àti irú tẹ́tẹ́ tó jẹ́, ìṣẹ́jú 60 tàbí gbogbo eré, ló gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Iwájú ajẹ́ńtì ló yẹ kí wọ́n ti kà á, nítorí pé lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sí ẹni tí yóò yí i padà. Bí wọ́n bá sun eré síwájú nítorí yìnyín tó ń já bọ́ tàbí nítorí pápá tí kò dì dáadáa, ìlànà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye wákàtí tí wọ́n yóò fi dúró kí wọ́n tó dá owó padà, ìlànà náà kò sì dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní ẹ̀tọ́ láti ta á rárá, bí wọ́n bá sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó bó tilẹ̀ jẹ.